Láti Òṣogbo dé Kánò

Ìbídùn ti ilé ìwé dé pẹ̀lú iṣẹ́ àmúrelé,
ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sórí tábìlì,
ó gbé rúlà lé e.
"Wọ́n ní ká wọn Òṣogbo sí Kánò,
ká sì kọ iye wákàtí tí bàálù yóò fi dé ibẹ̀."
Rúlà ò mọ òkè.
Ó kọjá lórí Odò Ọya, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tutù.
Ọmọ ṣírò, ó pa á rẹ́, ó tún ṣírò:
ẹgbẹ̀ta kìlómítà àti ogójì,
wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú.
Ó wò mí lójú. "Àbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní ó jẹ́ bẹ́ẹ̀.
N ò sọ fún un pé bàálù ò ní í wá gbé èèyàn ní Òkè-Baálẹ̀,
pé èèyàn á ti jí kí àkùkọ tó gbọn ìyẹ́,
á wọ mọ́tò, á gba Gbọ̀ngán, á gba Ìbàdàn,
á jókòó ti awakọ̀ tó ń jẹ obì tí kò fún ẹnikẹ́ni,
kó tó rí ìrù bàálù lókèèrè ní Ìkẹjà
oòrùn á ti kan àtàrí.
Ọ̀nà tí à ń rìn lọ wọ ọkọ̀
pẹ́ ju ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbé wa lọ.
Wọn ò béèrè ìyẹn.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá fèrèsé.
Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, a rò pé kò gbọ́.
Ó gbé àwo rẹ̀ wá sídìí tábìlì,
ó mú hóró kan, ó fi lé Òṣogbo.
"Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òjò ń ṣú.
Bàbá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, kíláàsì kẹta,
mo di ẹ̀kọ mẹ́rìnlá sínú apẹ̀rẹ̀."
Hóró kejì, Ìkìrun. Ẹ̀kẹta, Ọ̀fà.
"Ìlọrin, ilẹ̀ ò tíì mọ́."
Ó dé Jẹ́bà, ó sinmi.
"Gbogbo èrò dákẹ́ lórí afárá.
Àwọn kan ń sọ kọ́bọ̀ sódò.
Èmi náà na ọwọ́ kí n sọ tèmi,
ẹ̀gbẹ́ mi ni mo gbá mú."

Ẹ̀wà ò tẹ̀lé rúlà.
Ó yà sósì, ó ń wọ́ lọ bí ìgbín.
Ìbídùn ní, "Màmá, ẹ ń bà á jẹ́."
Ìyá mi ò gbọ́, tàbí ó gbọ́.
Ó fi hóró kan sáàárín Jẹ́bà àti Mọ́kwà,
níbi tí ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ sí.
"Obìnrin Núpé kan tú ìborùn rẹ̀, ó fi gbé e.
N ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà ò gbọ́ tèmi.
Ọkọ̀ ò dúró.
Nígbà tá a dé Kánò lọ́jọ́ Sátidé,
èèyàn méjì ló san owó,
èèyàn mẹ́ta ló sọ̀kalẹ̀."

Abíọ́nà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi,
tó ń ta táyà ní Kánò títí dòní,
tó ń pè wá lọ́jọọjọ́ Àìkú pé òun ń bọ̀,
wákàtí kan péré ni bàálù, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀.
Ọdún kẹsàn-án rèé.

Mo rò ó sínú:
ká ní bàálù ni wọ́n wọ̀ nígbà náà,
orúkọ wo là bá sọ ọ́?

Ìbídùn gbé rúlà kúrò.
"Màmá, mélòó wá ni kí n kọ?"
Ìyá mi gbá ẹ̀wà padà sínú àwo.
"Ọmọ kan," ló wí,
ó sì padà sídìí fèrèsé.
Ìbídùn gbé pẹ́ńsù rẹ̀ sókè. Ó dúró.
"Ṣé kí n kọ kìlómítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?"